Ìbòrí Awọ fún Ìbọn Olókùúta: Ohun Tí Mo Rí Nínú Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Fi Dọdẹ Àgbọ̀nrín Nínú Òjò

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ. Awọ màlúù ni, tí wọ́n gé, tí wọ́n rán, tí wọ́n sì fi ìda oyin àti ọ̀rá ẹran pa lára, kí ọdẹ lè fi bo ibi tí ìbọn olókùúta ti ń ṣáná nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà níbí ń pè é túmọ̀ sí orúnkún màlúù, wọ́n sì ní ìdí rẹ̀ ni pé awọ ibi orúnkún màlúù, tí ó ti tẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́, ni àwọn ọdẹ àtijọ́ ń lò. Ọwọ́ oníṣẹ́ awọ kan tí ń pàtẹ níbi ìpàdé àwọn oníbọn ẹ̀tù ni mo ti rà á ní dọ́là 38. Mo ti lò ó fún àsìkò ọdẹ mẹ́ta gbáko. Ó ti já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti bo àṣírí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí náà mo lè sọ bí ó ti rí láìbu iyọ̀ sí i.

Ẹni tí kò bá mọ ìlànà ọdẹ ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà lè bi mí pé kí ló gbé ìbọn ayé àtijọ́ lé ọdẹ òde òní lọ́wọ́. Láti ọdún 1974 ni ìpínlẹ̀ náà ti ya àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín kan sọ́tọ̀ fún ìbọn olókùúta, èyí tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, tí ó sì máa ń wọ inú oṣù Kìn-ín-ní ọdún tuntun. Ìbọn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ó ti wà kí ọdún 1800 tó dé, tàbí èyí tí wọ́n ṣe ní àwòkọ irú rẹ̀. Láti ẹnu ni a ti ń rọ ẹ̀tù sínú rẹ̀, a ó fi ọ̀pá ti ọta tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà a ó bu ẹ̀tù díẹ̀ sí àwo kékeré kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níta. Bí a bá fa ìbọn, òkúta yóò fi ipá lu irin kan tí ó dúró lókè àwo náà, irin yóò ta iná, iná yóò mú ẹ̀tù inú àwo, yóò sì gba ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ ńlá lọ wọlé lọ bá ẹ̀tù tó wà nínú. Gbogbo èyí kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n bí ẹ̀kán omi kan péré bá bọ́ sínú àwo náà, ohun tí ọdẹ gbé dání kò yàtọ̀ sí ọ̀pá ìtìlẹ̀ mọ́.

Ìparí oṣù Kejìlá lórí àwọn òkè ìpínlẹ̀ yìí kì í sì í dúró sójú kan. Òru lè di yìnyín, kí òwúrọ̀ di òjò wínníwínní, kí ọ̀sán sì di kùrukùru tí aṣọ fi ń tutù lára ènìyàn láìrí ẹ̀kán omi kankan. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ni í jókòó sílé ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ náà gan-an ló dára jù fún ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn wá ẹran. Ewé gbígbẹ tí ì bá máa dún lábẹ́ bàtà á ti rọ̀ bí aṣọ, ìró òjò á bo ìró ẹsẹ̀, àgbọ̀nrín tí ó ti dùbúlẹ̀ tipẹ́tipẹ́ á sì dìde lọ wá ohun tí yóò jẹ nígbà tí òjò bá rọlẹ̀ díẹ̀. Òjò ńlá pẹ̀lú ìjì ni kò dára, nítorí ẹran á ká jọ sábẹ́ igi, ọdẹ pàápàá kò sì ní gbọ́ ohunkóhun. Òjò wẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn rẹ̀ kò le, ọjọ́ ọdẹ ni, bí ẹ̀tù bá lè gbẹ.

Mo pè é ní àgbọ̀nrín, bí gbogbo àwa Yorùbá tí ń gbé níbí ti ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹran méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìwo àgbọ̀nrín ilé wa kì í bọ́ títí ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ibí a máa já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù rọ́pò rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi jọra ni etí tí kì í sinmi.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà ni mo ti kọ́kọ́ rí irú ìbòrí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ṣọdẹ ní Òkè-Ògùn pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà, n kò sì rántí ọjọ́ kan tí wọ́n jáde nígbà òjò láìsí awọ ewúrẹ́ kan tí wọ́n ti fi òrí pa títí ó fi dúdú tí ó sì ń dán. Òrí pọ̀ ní ilẹ̀ wa, òun ni wọ́n fi ń pa awọ, òun ni wọ́n fi ń pa irin, òun náà ni wọ́n fi ń pa ẹsẹ̀ tí ẹ̀gún ti ya. Wọn a wé awọ náà mọ́ ibi tí ìbọn ti ń ṣáná, wọn a fi okùn kan ṣoṣo dì í ní ọ̀nà tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fà á lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀. Mo jẹ́ ọmọdé nígbà náà, okùn yẹn kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà inú igbó, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ìgbà tí èmi fúnra mi dúró sínú òjò Pennsylvania ni mo tó mọ̀ pé ìdajì ìyà náà wà lọ́wọ́ ohun èlò tí ẹnìkan kò ro bí a ó ṣe lò ó dópin.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ ní yíyìn. Oníṣẹ́ awọ náà kì í ta ìbòrí kan náà fún gbogbo ìbọn. Ó ní kí n gbé ìbọn mi lé bébà, kí n fi pẹ́ńsù fa ìlà yí i ká, orí ìlà yẹn ni ó sì gé awọ náà lé. Ìdí nìyí tí ó fi bá ìbọn mi mu rẹ́gí, tí òkè rẹ̀ fi ní àyè tó fún òkúta láti dúró láìjẹ́ pé awọ ń tì í. Awọ náà nípọn bí awọ bàtà, síbẹ̀ ó rọ̀, kì í sì í dún rárá. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Kí n tó rà á, ọ̀rá ni mo ń lò, irú èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, omi kò sì lè gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ka igi bá ti kàn án, ó dún, bí òjò bá ti ń kán sí i, ó dún, ooru ọwọ́ a sì máa di omi sínú rẹ̀ tí ẹ̀tù á fi tutù láti inú wá. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo ọ̀rá lọ́wọ́lọ́wọ́ ń ta àgbọ̀nrín lólobó ni.

Kí n tó gbé ìbòrí náà wọ igbó, mo dán an wò nílé. Mo bu ẹ̀tù sí àwo ìbọn tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, mo fi awọ bò ó, mo gbé e sórí tábìlì lẹ́yìnkùlé nígbà tí òjò ń rọ̀, mo sì wọlé. Lẹ́yìn wákàtí kan mo tú u, ẹ̀tù náà gbẹ bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bù ú, ó sì gbaná lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọjọ́ kẹta àsìkò ọdẹ ọdún àkọ́kọ́ ni mo wà ní igbó ìjọba Allegheny, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, igbó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1923. Mo lúgọ sábẹ́ igi hemlock mẹ́ta tí wọ́n dì mọ́ra, mo gbé ìbọn lé ẹsẹ̀, mo kọ ẹnu rẹ̀ sókè. Òjò ti ń kán láti nǹkan bí aago méje. Nígbà tí ó di aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, abo àgbọ̀nrín kan, irú èyí tí ìwé àṣẹ ọwọ́ mi fàyè gbà, yọ láti àárín igbó kúkúrú, ó ń já ewé, ó sì ń bọ̀ tààrà títí tí àárín wa kò fi ju ìṣísẹ̀ 35 lọ. Mo na ọwọ́ sí okùn ìbòrí. Okùn awọ náà ti mu omi, ó ti wú, kókó rẹ̀ sì ti le bí èkùrọ́. Ọwọ́ mi tutù, èékánná mi kò ràn án, ẹnu ni mo fi tú u níkẹyìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ojú mi kò kúrò lára ẹran náà. Mo gbé ìbọn sójú, mo fà á. Òkúta lu irin, mo rí i tí iná ta, ìbọn kò sì dún. Àgbọ̀nrín náà gbé orí sókè, ó yí etí méjèèjì sí mi, ó fi ẹsẹ̀ iwájú lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ìrù rẹ̀ funfun ni mo rí tí ó ń lọ.

Nígbà tí mo wo inú àwo, ẹ̀tù inú rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ dúdú, bí aró tó ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Mo lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ láti wá ìdí rẹ̀, ohun tí mo rí ni pé ẹ̀bi náà pín sí méjì láàárín èmi àti ẹni tó ṣe é. Lórí tábìlì lẹ́yìnkùlé, ìbọn dùbúlẹ̀ ni, omi kò sì ní ọ̀nà mìíràn ju òkè lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ ẹnu ìbọn sókè nínú igbó, òjò ń ṣàn bọ̀ lára ọ̀pá irin láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ń gba etí iwájú ìbòrí náà wọlé wẹ́rẹ́, nítorí oníṣẹ́ awọ gé etí náà gbọọrọ láìfi ohunkóhun dí i. Èyí tí ó burú ju ìyẹn ni ojú rírán rẹ̀. Ó gba òkè àwo ẹ̀tù kọjá gan-an, ihò abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀nà fún omi bí ìda oyin inú rẹ̀ bá ti ṣán. Ẹni tó mọ awọ dáadáa ló rán ohun yìí, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jókòó tì í nínú òjò rí fún wákàtí méjì, ojú rírán náà kì bá wà níbẹ̀.

Àtúnṣe tí mo ṣe kò gba ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Mo yọ́ ìda oyin, mo fi kún gbogbo ojú rírán láti inú àti láti òde. Mo rán aṣọ onírun àgùntàn tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ etí iwájú kí ó lè di ọ̀pá ìbọn mú ṣinṣin, mo sì ń fi ọ̀rá ẹran pa ọ̀pá náà yí ká níwájú ìbòrí kí omi tó bá ń ṣàn bọ̀ lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó sì kán sílẹ̀. Mo gé okùn awọ náà dànù, mo fi okùn òwú tí a fi ìda pa rọ́pò rẹ̀, mo sì dì í bí bàbá mi ti ń dì í: ẹ̀ẹ̀kan ni kí a fà á. Láti ìgbà náà, ìbòrí kì í pẹ́ bọ́ ju ìmí ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo sì jáwọ́ nínú kíkọ ẹnu ìbọn sókè. Ní ọjọ́ òjò, ilẹ̀ ni kí ẹnu ìbọn kọ ojú sí, kúrò lápá ẹsẹ̀, kí ibi tí ó ti ń ṣáná sì wà lábẹ́ apá.

Ohun kan tún wà tí oníṣẹ́ awọ náà kò sọ fún mi, tí mo sì rò pé ó yẹ kí ó máa sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀. Ọ̀rá tí ó fi pa inú awọ náà a máa ràn mọ́ irin tí òkúta ń lù. Bí irin náà bá ti ní ọ̀rá lára, òkúta á kàn yọ̀ kọjá lórí rẹ̀, iná kò ní ta dáadáa. Aṣọ gbígbẹ kékeré kan gbọ́dọ̀ wà nínú àpò, kí a máa fi nu irin àti òkúta látìgbàdégbà. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìbòrí náà sílẹ̀ lára ìbọn mọ́jú. Mo fi í sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan péré, ilẹ̀ sì mọ́ bá ìpẹtà pupa lórí irin níbi tí awọ tútù ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe yìí, ibì kan wà tí agbára ìbòrí náà mọ, n kò sì lè dá a lẹ́bi fún ìyẹn. Òjò ni ó ń dí, kò lè dí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Nínú ẹ̀tù dúdú tòótọ́, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní potassium nitrate, ìdá 15 jẹ́ èédú, ìdá 10 sì jẹ́ imí ọjọ́. Ìdọ̀tí tí ẹ̀tù ń fi sílẹ̀ nínú ìbọn tí a ti yìn lẹ́ẹ̀kan, tí a kò sì nù, a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra títí yóò fi rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ lẹ́bàá ihò tí iná ń gbà wọlé. Bí ẹ̀tù inú àwo bá sì ti kúnná tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń yá láti tutù. Nítorí náà, ní ọjọ́ kùrukùru, mo ń da ẹ̀tù inú àwo nù ní gbogbo ìṣẹ́jú 30, mo ń nu àwo, mo sì ń bu tuntun sí i, èyí tí hóró rẹ̀ tóbi díẹ̀ ju èyí tí mo ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Mo ń lẹ téèpù tín-ínrín mọ́ ẹnu ìbọn kí omi má baà gba ibẹ̀ wọlé, nítorí ìbòrí kò dé ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, mo ń da ẹ̀tù inú àwo nù kí n tó dé ìdí ọkọ̀, èyí tí òfin ìpínlẹ̀ náà fi ń ka ìbọn olókùúta sí èyí tí a ti tú, n kì í sì í gbé ìbọn tí mo fẹ́ tún lò lọ́jọ́ kejì wọ inú yàrá tó gbóná, nítorí irin tútù tó bá wọ ibi ooru á làágùn nínú àti lóde.

Ní ọdún kejì, ní òwúrọ̀ kan tí òjò kò dá láti ìdájí, mo tú ìbòrí náà ní ìgbà mẹ́rin láti pààrọ̀ ẹ̀tù, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo sì bá ẹ̀tù àtijọ́ tí ó ṣì ń ṣàn bí iyanrìn. Ìgbà karùn-ún ni akọ kan tí ìwo rẹ̀ ṣì wà lórí jáde ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ 30. Mo fa okùn, awọ bọ́ sílẹ̀ sórí ewé tútù láìdún, mo yin ìbọn, ó sì dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹran náà kò rìn jìnnà kó tó ṣubú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń dúró de ìtòsí bẹ́ẹ̀ ni, nítorí òjò a máa fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lórí ewé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó bá sì yìnbọn láti ọ̀nà jíjìn nínú òjò lè fi ẹran tó gbọgbẹ́ sílẹ̀ sínú ìrora. Láti ọdún 2018 ni òfin Pennsylvania ti gba àwọn ọdẹ láyè láti lo ajá tí a so mọ́ okùn láti fi tọ ipa irú ẹran bẹ́ẹ̀, mo sì dúpẹ́ fún un, ṣùgbọ́n ajá kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdí tí a ó fi máa yìnbọn sí ibi tí ojú kò tó dáadáa. Ní ọdún kẹta, mo lo ìbòrí náà ní ọjọ́ òjò mẹ́fà, ìbọn náà kò sì kọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹnìkan bá bi mí bóyá ó tó dọ́là 38, màá sọ pé awọ náà tó o, gígé rẹ̀ tó o, ṣùgbọ́n bí ó ti wà nígbà tí mo gbà á kò tíì ṣe é gbé wọ igbó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ abẹ́rẹ́, tí ó sì ní ìrọ̀lẹ́ kan láti fi tún un ṣe, kí ó rà á láìṣiyèméjì. Ẹni tó fẹ́ ra ohun tí yóò kàn fà yọ nínú àpò ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó ní sùúrù, tàbí kí ó bẹ oníṣẹ́ awọ kí ó gbé ojú rírán náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ó sì fi aṣọ onírun dí etí iwájú kó tó gba owó. Mo ti kọ èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣe tèmi, mo sì fi àwòrán ibi tí mo tún ṣe ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé òun yóò gbìyànjú rẹ̀ lára èyí tí òun bá máa ṣe tẹ̀lé e, mo sì ti ní kí ó ṣe èyí náà fún mi, nítorí àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ bá mi jáde ní oṣù Kejìlá tó ń bọ̀, ìlà ìbọn rẹ̀ sì ti wà lórí bébà lórí tábìlì mi.